Obìnrin Inú Eré Tẹlifíṣàn àti Àwọn Tí Wọ́n Ṣe É Fún: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé Kan

Òǹkàwé wa kan, obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítà, fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ àkànṣe mi dá lé bí wọ́n ṣe ń fi obìnrin hàn nínú eré orí tẹlifíṣàn. Mo ti ka iye obìnrin tó wà nínú eré mẹ́ta, títí kan King of Boys, mo sì ti ka iye ìgbà tí olúkúlùkù wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó, ó ní ìṣirò ni mo ṣe, pé n kò tíì túpalẹ̀ nǹkan kan. Ó tún ní kí n fi orí kan ṣàlàyé ìdí tí irú eré bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ ti agbo òǹwòran kékeré, tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà ṣe é?"

Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ nípa ìṣirò, ṣùgbọ́n àṣẹ kejì tó pa fún yín lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ lé e bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ẹ bá kọ orí kan lórí obìnrin, tí ẹ wá kọ òmíràn lórí òǹwòran, ti àkọ́kọ́ yóò di ẹjọ́ tí ẹ ń dá fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn, èkejì yóò di ọ̀rọ̀ ọjà títà, wọn kò sì ní pàdé. Bí obìnrin kan ṣe rí nínú eré tẹlifíṣàn, aṣọ tó ń wọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n gbà á láàyè láti ṣe àti èyí tí wọn kò gbà, àwọn tó ń náwó sí eré náà ti jíròrò lé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lórí kí kámẹ́rà tó ṣí, ohun tí wọ́n sì ń bi ara wọn ni ta ni yóò jókòó wò ó àti ta ni yóò sanwó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Inú ìran kan náà ni kí ẹ ti wá obìnrin àti òǹwòran.

Ẹ má tìtorí èyí da ìṣirò yín nù o. Kíkà ní àyè tirẹ̀. Ní ọdún 1985 ni Alison Bechdel, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí àwọn ènìyàn ṣì ń lò títí di òní: ǹjẹ́ obìnrin méjì wà nínú eré náà, ǹjẹ́ wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ ohun tí wọ́n sọ kọjá ọ̀rọ̀ ọkùnrin? Òṣùwọ̀n yìí dára fún ẹni tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nínú ọgọ́rùn-ún eré lápapọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé eré kan ṣoṣo, ó lè tan ni jẹ. Charlie's Angels, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC ní Amẹ́ríkà gbé jáde láti 1976 sí 1981, yóò yege nínú rẹ̀ láìlàágùn, nítorí obìnrin mẹ́ta ni olú ẹ̀dá-ìtàn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sì pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Síbẹ̀ ọkùnrin kan tí wọn kò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ ló ń fi ohùn rán wọn níṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ tẹlifóònù, kò sì ṣọ̀wọ́n kí iṣẹ́ náà gbà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lè mú ọ̀daràn. Bí ẹ bá ka ẹnu tó sọ̀rọ̀ nìkan, ẹni tó ń pàṣẹ yóò fò yín ru. Bí ẹ bá sì wo ẹni tó ń pàṣẹ nìkan, ẹ kò ní rí ẹni tí kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ fún.

Eré tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni Cagney & Lacey, eré ọlọ́pàá tí ilé-iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà gbé jáde láti 1982 sí 1988. Kì í ṣe pé òun ló dára jù láyé. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń fi pamọ́ ló tú síta nínú ọ̀ràn tirẹ̀, débi pé a lè tọ ipasẹ̀ ìpinnu kan láti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ títí dé orí irun òṣèré.

Obìnrin méjì, Barbara Avedon àti Barbara Corday, ló kọ ọ́ ní ọdún 1974, sinimá ni wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju pé kí obìnrin méjì jẹ́ ọ̀rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí ọkùnrin méjì ti ń ṣe nínú sinimá láti ọjọ́ tó ti pẹ́: kí wọ́n jọ wakọ̀, kí wọ́n jọ jà, kí wọ́n jọ bínú síra wọn, kí ìkejì sì gba ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ikú. Àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ní Hollywood kọ̀ ọ́. Ó gba ọdún méje kí CBS tó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí sinimá orí tẹlifíṣàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, Loretta Swit ló ṣe Christine Cagney, Tyne Daly ló ṣe Mary Beth Lacey. Ìwé ìròyìn Ms., tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ń ṣe, gbé àwọn òṣèré méjèèjì sí èèpo iwájú ìwé rẹ̀ lóṣù náà, ó sì rọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà kí ó lè di eré àtìgbàdégbà. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa: agbo òǹwòran ti ń péjọ kí eré fúnra rẹ̀ tó di eré.

Swit kò lè kúrò nínú M*A*S*H, eré tẹlifíṣàn mìíràn tó ń ṣe nígbà náà, nítorí náà Meg Foster ló ṣe Cagney nígbà tí eré àtìgbàdégbà náà bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1982. Òǹkà òǹwòran kò dùn mọ́ CBS nínú, wọ́n sì ní àwọn yóò tún un gbà láàyè bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn rọ́pò Foster. Aláṣẹ CBS kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun sọ ìdí rẹ̀ fún ìwé ìròyìn TV Guide: ó ní àwọn obìnrin náà le koko jù, pé ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ló gbà wọ́n lọ́kàn ju iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ, àti pé lójú àwọn, ńṣe ni wọ́n dà bí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ èébú ló sì fi sọ ọ́. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ. Lacey ní ọkọ àti ọmọkùnrin méjì. Cagney ń bá ọkùnrin jáde. Kí ni aláṣẹ yìí wá rí? Ó rí obìnrin kan tí kò lọ́kọ, tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bó ti fẹ́, tó ń wo ojú ọkùnrin bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí ẹni tó sì sún mọ́ ọn jù láyé jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀. Àìsí ọkùnrin láàárín ìran ló kà sí ẹ̀rí. Ẹ wo bí ojú ẹni tó ń sanwó ṣe lè rí ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ rárá.

Sharon Gless ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀. Irun orí Cagney di aláwọ̀ wúrà, aṣọ rẹ̀ di olówó gọbọi, wọ́n sì tún ìtàn ìbí rẹ̀ kọ: bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá di ọmọ olówó. Lacey ni wọn kò fọwọ́ kàn, nítorí ó ti ní ọkọ, ó ti ní ọmọ, ọkàn ti balẹ̀ nípa tirẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹ ti máa rí ohun èlò ìtúpalẹ̀ tó lágbára jù tí mo mọ̀. Ẹ gbé Cagney ti Foster àti Cagney ti Gless sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: orúkọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, àgọ́ ọlọ́pàá kan náà. Gbogbo ohun tó bá yàtọ̀ láàárín wọn ni ohun tí ilé-iṣẹ́ náà gbà pé obìnrin gbọ́dọ̀ ní kí òǹwòran tó lè fara mọ́ agbára tí ó ní. Wọn kò gba ìbọn lọ́wọ́ Cagney. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi aṣọ tó dára san owó ìbọn náà. Ẹ̀yin náà lè ṣe irú ìfiwéra yìí níbikíbi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ òṣèré, tí wọ́n ti tún eré kan ṣe, tàbí tí wọ́n ti gbé e láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Wura, tí Showmax bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2023, ọ̀dọ̀ eré The River ti orílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì gbé ibùdó ìtàn rẹ̀ wá sí Ìpẹ̀rìndó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí wọ́n yí padà lára obìnrin oníwakùsà inú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, yóò sọ púpọ̀ fún yín nípa irú ìyá tí àwọn tó ṣe é rò pé àwa Yorùbá lè gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe parí èrò sí pé CBS ti borí. Ohun tó ń wù mí nínú eré yìí ni pé àwọn òǹkọ̀tàn gba aṣọ, wọ́n gba irun, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Cagney tuntun kò fẹ́ ọkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin eré àtìgbàdégbà náà. Ìgbéga ló ń lé, ó sì di sájẹ́ǹtì. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan ń fi ìlọ̀kulọ̀ dà á láàmú, ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, eré náà sì jẹ́ ká rí iye tí ìfẹjọ́sùn ń ná obìnrin lẹ́nu iṣẹ́.

Ìran kan tún wà tó máa ń padà wá léraléra, tí mo sì rò pé gbogbo ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ takọtabo yẹ kó wò dáadáa. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ní àgọ́ ọlọ́pàá ni. Yàrá ńlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kún fún ọkùnrin, tábìlì fara kan tábìlì, tẹlifóònù ń dún, ẹnikẹ́ni sì lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá di gidi, Cagney tàbí Lacey yóò fi orí júwe ilẹ̀kùn, wọn yóò wọlé. Ọ̀kan á fara ti ọpọ́n ìfọwọ́, èkejì á máa rìn síwá sẹ́yìn, wọn yóò sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síra wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbínú. Dígí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n bá wọlé. Ní ti ìtàn, ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin kò lè wọ̀ nínú gbogbo àgọ́ náà. Ní ti òǹwòran, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún ẹni tí wọ́n ń pè: obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọkùnrin, tó sì mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà lè wò ó, kò sí ẹni tó lé e, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń sọ lójú òun. Ohun tí mo ń pè ní òǹwòran inú ìran nìyẹn. Kò sí ìṣirò iye ọ̀rọ̀ tí yóò fi í hàn yín.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọkùnrin inú eré. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀rọ̀ takọtabo parí sọ́dọ̀ obìnrin. Harvey Lacey, ọkọ Mary Beth, tí John Karlen ṣe, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń dáná, òun ló ń wo àwọn ọmọ, òun ló sì máa ń dúró de ìyàwó rẹ̀ lóru. Wọn kò sọ ọ́ di ọ̀lẹ, wọn kò sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi í ṣe ẹni mímọ́, nítorí ó máa ń bínú, ó sì máa ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn láti sọ fún òun pé wọ́n ti yìnbọn pa ìyàwó òun. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré kan ti yí ipò obìnrin padà lóòótọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin tó wà nílé.

Ní ti agbo òǹwòran, ọjọ́ tí eré ń jáde jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà sí. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni CBS wá gbé Cagney & Lacey sí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ABC ń gbé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà jáde, ọkùnrin sì ni wọ́n ń pè. CBS kò bá wọn du ọkùnrin wọ̀nyí, obìnrin tí bọ́ọ̀lù kò bá lára mu ló fojú sí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwọn olùpolówó ọjà kò tún fẹ́ mọ iye ènìyàn lásán mọ́, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ orí wọn àti bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, obìnrin tó sì ń ṣiṣẹ́ gbowó oṣù jẹ́ oníbàárà tí gbogbo wọn ń wá. Cagney tó wọ aṣọ olówó gọbọi, tó ń dá gbé, tó ń ná owó ara rẹ̀, òun ni ẹ̀dá-ìtàn, òun náà sì ni àwòrán oníbàárà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín pé ṣé ìlọsíwájú obìnrin ni tàbí ọgbọ́n ọjà, ẹ sọ fún un pé méjèèjì ló wà nínú aṣọ kan náà.

Síbẹ̀, CBS pa eré náà tì lọ́dún 1983. Barney Rosenzweig, tó ń ṣe kòkárí eré náà, ti ń gba lẹ́tà òǹwòran láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá ń rọ àwọn tó kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ sí ilé-iṣẹ́ náà àti sí àwọn ìwé ìròyìn ìlú wọn. Lẹ́tà rọ́ dé. Nígbà tí CBS tún àwọn abala àtijọ́ gbé jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, àwọn tó ń wò ó pọ̀ sí i, Tyne Daly gba Emmy, àmì-ẹ̀yẹ eré tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹsàn-án, eré náà sì padà lóṣù kẹta ọdún 1984. Láti 1983 sí 1988, ọdún mẹ́fà léraléra, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjèèjì ló ń gba Emmy fún òṣèré-bìnrin tó pegedé jù nínú eré àtìgbàdégbà, Daly lẹ́ẹ̀mẹrin, Gless lẹ́ẹ̀mejì. Inú ìjà lẹ́tà yìí náà ni ẹgbẹ́ Viewers for Quality Television ti jáde ní 1984, ẹgbẹ́ àwọn òǹwòran tó wá ń gbèjà àwọn eré mìíràn.

Julie D'Acci, onímọ̀ nípa tẹlifíṣàn tó ka àwọn lẹ́tà náà, fi hàn pé ohun tó pọ̀ nínú wọn kì í ṣe "eré yìí dùn." Ohun tí àwọn obìnrin náà ń kọ ni pé àwọn rí ara àwọn, pé ìgbésí ayé àwọn ló wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rí tí ẹ nílò nìyí láti sọ̀rọ̀ lórí agbo kékeré: ìwọ̀n ìsopọ̀ tó wà láàárín eré àti òǹwòran ló yẹ kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe iye orí nìkan. Ẹgbàárùn-ún ènìyàn tó máa jókòó kọ lẹ́tà, tí wọn yóò ra òǹtẹ̀, tí wọn yóò sì rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, yàtọ̀ sí ọ̀kẹ́ àìmọye tó tan ẹ̀rọ sílẹ̀ tí wọ́n ń jẹun.

Àmọ́ agbo tí wọ́n bá pè máa ń ní àwọn tí wọn kò pè. Aláwọ̀ funfun ni obìnrin méjèèjì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín wọn, Petrie, tí Carl Lumbly ṣe, ọkùnrin ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú kò sì sí níbi tí ìtàn ti ń jẹ́ ti ẹni tó ń gbé e. Nígbà tí ìtàn kan dé ní 1984 tí Cagney rò pé òun lóyún, ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ wọ̀ ọ́, ìtàn náà sì parí sí pé kò lóyún rárá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe abala kan lórí ilé ìwòsàn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí nítorí oyún ṣíṣẹ́, níbi tí Lacey, tí oyún wà nínú rẹ̀ lákòókò náà, ti jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ́yún rí nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Àwọn alátakò oyún ṣíṣẹ́ sì fẹ̀hónú hàn. Ohun tó yí padà láàárín ọdún kan yẹn ni ìgboyà ilé-iṣẹ́ tó ti rí i pé òǹwòran yìí kò ní sá lọ. Agbo òǹwòran tó dúró gbọn-in ló ń ra àyè fún òǹkọ̀tàn. Àyè yẹn náà ni wọ́n lò ní 1987 nígbà tí Cagney, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, mutí títí tó fi ṣubú, tí abala náà sì parí síbi tó ti dìde nínú ìpàdé àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, tó dárúkọ ara rẹ̀, tó sì ní ọ̀mùtí ni òun. Wọ́n ti gba akọni obìnrin láàyè láti kùnà láìjẹ́ pé ìkùnà náà jẹ́ ẹ̀san fún pé kò lọ́kọ. Lójú tèmi, ìyẹn ju gbogbo ìbọn tó yìn lọ.

Nígbà tí tẹlifíṣàn olówó oṣù dé, ìṣirò náà yí padà, nítorí ẹni tó ń san owó oṣù kò ní láti bá aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ràn ohun kan náà. Síbẹ̀ ọgbọ́n fífi ẹ̀dá-ìtàn kan ṣe ilẹ̀kùn fún àwọn mìíràn kò tíì parí. Jenji Kohan, tó dá Orange Is the New Black sílẹ̀ fún Netflix ní 2013, sọ ọ́ ní gbangba pé Piper, ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tó wọ ẹ̀wọ̀n, ni òun fi ṣe ẹṣin tó gbé ìtàn àwọn obìnrin dúdú, àwọn ará Látìnì, àwọn àgbà àti àwọn ọ̀daràn wọlé, nítorí kò sí ẹni tí ì bá ra ìtàn wọn bí òun bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Nínú eré yòówù tí ẹ bá ń wò, ẹ wá ẹ̀dá-ìtàn tó jẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì bi ara yín pé àwọn wo ló tẹ̀ lé e wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Ẹ ní King of Boys wà lára iṣẹ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi Toyin Tomato sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja Eniola Salami, nítorí òṣèré kan náà, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, ló ṣe méjèèjì ní nǹkan bí ogún ọdún síra wọn. Toyin Tomato wà nínú Oh Father, Oh Daughter, ìtàn kan lára Super Story tí Wale Adenuga gbé sórí NTA láti 2001. Kò sí ẹni tó ń sanwó láti wò ó; ẹni tó bá ní áńténà ti rí i. Unilever ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, ẹni tó ń ta ọṣẹ ìfọṣọ àti ìpara eyín sì fẹ́ kí ìyá, bàbá, ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ jókòó pọ̀ síwájú ẹ̀rọ kan. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ obìnrin tí gbogbo ilé lè jọ bú. Toyin Tomato ni wọ́n fi fún wọn: ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìkà, ó sì sọ ilé Suara di ojú ogun. Agbára ló ní, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ilé ni agbára náà mọ, wọ́n sì dá a lẹ́bi kó tó lo agbára ọ̀hún tán.

Sinimá ni King of Boys ti Kẹ́mi Adétiba kọ́kọ́ jẹ́ ní 2018, kó tó di abala méje lórí Netflix lóṣù kẹjọ ọdún 2021. Ẹni tó ń wò ó ti san owó Netflix àti owó détà, ó lè wà ní Súrùlérè, ó lè wà ní Peckham tàbí Houston, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló gbé fóònù rẹ̀ dání. Eré náà kò nílò pé kí gbogbo ilé jọ bú ẹnì kan. Ìyẹn ló fi lè fi obìnrin kan tó ń pààyàn ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, kí ó ní kó du ipò gómìnà ìlú Èkó, kí ó sì jẹ́ kí òǹwòran máa fẹ́ kó borí láìdá a láre. Ẹ wo èdè rẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń tọ́jú àṣà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó jẹ́ ti ìgboro, òwe àti èébú ń dà á pọ̀ mọ́ èdè òyìnbó, àkọlé ìtumọ̀ sì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ẹni tó gbọ́ ọ láìka àkọlé ló jókòó níwájú jù lágbo.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì nípa eré náà, kí n má parọ́, ni pé agbára Eniola fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan wà. Ìyàwó gómìnà, Jumoke Randle tí Nse Ikpe-Etim ṣe, ni obìnrin mìíràn tó tó o bá du agbára, ọ̀tá ni wọ́n sì fi ṣe. Kò sí yàrá tí obìnrin méjì lè wọ̀ kí wọ́n sọ òótọ́ síra wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ dípò rẹ̀ ni pé Eniola ọ̀dọ́, tí Toni Tones ṣe, máa ń yọ sí Eniola àgbà, yóò máa gún un ní kẹ́ṣẹ́, yóò máa rán an létí ìkà tó lè ṣe. Obìnrin tí Eniola ń bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ara rẹ̀.

Ìran àwọn Eniola méjì yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, kì í ṣe táábù iye ọ̀rọ̀. Ẹ yan mẹ́ta nínú irú ìran bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ẹni tí kámẹ́rà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó ń wo ta ni, ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́, aṣọ tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, èdè tí wọ́n bọ́ sí nígbà tí ọ̀rọ̀ le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó ẹ̀rí òǹwòran jọ: ọjọ́ àti ibi tí eré ti jáde, ẹni tó náwó sí i, ohun tí òǹwòran ń san, èdè àkọlé rẹ̀, àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn gbé lọ sí WhatsApp àti TikTok tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má kọ pé "àwọn obìnrin fẹ́ràn eré yìí." Ẹ sọ obìnrin wo, ní ibo, ọjọ́ orí wo, àti ìran wo ló fi mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ "agbo kékeré" tí ọ̀gá yín lò náà, ẹ bi í lọ́wọ̀lọ́wọ̀ pé ta ni ó fi wé. Bó bá jẹ́ NTA tí gbogbo ilé jọ ń wò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní 2001 ló fi ṣe òṣùwọ̀n, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo eré tí wọ́n ń ṣe lónìí ló jẹ́ ti agbo kékeré, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní lè ṣàlàyé ohun kan pàtó nípa Eniola.